Iṣẹ́ Àánú Kò Gbọdọ̀ Dúró De Ọjọ́ Ìsìnkú

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ àti iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n kí n tó ṣí Bíbélì, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn kan tí kò bu ọlá kún mi rárá, nítorí pé bí oníwàásù bá fẹ́ gbá ilé ẹlòmíràn, ó yẹ kí ó ti gbá tirẹ̀ ná.

Káfíńtà kan wà nínú ìjọ àwọn ọmọ Yorùbá tí mo ń bójú tó ní Òkè Ọya níhìn-ín. Ó ti dé ìlú yìí ṣáájú mi. Òun ni ó kan ọ̀pọ̀ nínú àwọn àga gígùn tí a ń jókòó lé nígbà Ẹbọ Mísà. Ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà nílé. Oṣooṣù ni ó ń fi owó ránṣẹ́ sí wọn. Nígbà tí ó yá, a kò rí i mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, èkejì kọjá, títí ó fi di ọ̀sẹ̀ keje. Èmi rò pé ó ti lọ kí àwọn ará ilé rẹ̀ ni. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rò pé owó oṣù tí ó jẹ ẹgbẹ́ ni ó ń sá fún. Kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó lọ wò ó. Ọjọ́ tí a gbúròó rẹ̀, ìròyìn ikú ni a gbọ́. Àrùn àtọ̀gbẹ ni ó ń bá a jà. Egbò yọ sí i lẹ́sẹ̀, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Nígbà tí kò ṣiṣẹ́, owó oògùn tán. Nígbà tí oògùn tán, ojú tì í láti sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyàwó rẹ̀.

Ẹ wá wo bí a ti ṣe lẹ́yìn ikú rẹ̀. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ẹgbẹ́ ti dá owó jọ. A ra pósí tí ó dára, a gba ọkọ̀ tí yóò gbé òkú lọ sílé, a gba bọ́ọ̀sì kan tí yóò tẹ̀ lé e, a dá aṣọ ẹgbẹ́, a sì se oúnjẹ fún àwọn tí ó wá bá wa kẹ́dùn. Èmi náà wọ aṣọ àlùfáà mi, mo sì wàásù gidigidi. Lẹ́yìn ìsìnkú, akápò ẹgbẹ́ ka ìṣirò gbogbo owó tí a ná sí etígbọ̀ọ́ opó náà, kí ó lè mọ̀ pé a kò fi ọkọ òun ṣeré. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa. Lẹ́yìn náà ni ó wí fún mi jẹ́jẹ́ pé: "Ẹ ṣeun, Fadá. Ọlọ́run yóò san án fún yín. Ṣùgbọ́n bí a bá ti rí díẹ̀ nínú owó yìí nígbà tí ó wà láàyè, bóyá ẹ kì bá tí wá síbí lónìí."

N kò ní èsì. Títí di òní, n kò tí ì ní.

Mẹ́fà fún alààyè, ọ̀kan fún òkú

Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ Katikísìmù mọ̀ pé iṣẹ́ àánú ti ara jẹ́ méje: bíbọ́ ẹni tí ebi ń pa, fífún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ní omi, dída aṣọ bo ẹni tí ó wà ní ìhòòhò, gbígba àlejò sílé, bíbẹ aláìsàn wò, bíbẹ ẹlẹ́wọ̀n wò, àti sísin òkú. Mẹ́fà àkọ́kọ́ wá láti inú Ìhìn Rere Mátíù, orí 25, níbi tí Olúwa wa ti sọ bí ìdájọ́ ìkẹyìn yóò ti rí. Níbẹ̀, Ọba náà kò béèrè iye ìgbà tí a kọrin tàbí oyè tí a jẹ nínú ìjọ. Ohun tí ó béèrè ni bí a ti ṣe sí ẹni tí ebi ń pa, sí àlejò, sí aláìsàn àti sí ẹlẹ́wọ̀n. Ó sì ní ohun tí a ṣe sí irú àwọn wọ̀nyí, òun ni a ṣe é sí.

Bí ẹ bá ka orí náà dáadáa, ẹ ó rí i pé sísin òkú kò sí nínú rẹ̀. Inú Ìwé Tóbítì ni Ìjọ ti rí iṣẹ́ keje yìí. Tóbítì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tí a kó lẹ́rú lọ sí ìlú Nínéfè. Bí a bá pa ènìyàn rẹ̀ kan, tí a sì gbé òkú náà jù sẹ́yìn odi, Tóbítì a máa lọ sin ín ní ìkọ̀kọ̀, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé ọba lè pa òun nítorí rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, iṣẹ́ ìgboyà sì ni. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé mo kẹ́gàn ìsìnkú. Ọmọ Yorùbá tí kò bá bu ọlá fún òkú rẹ̀ kì í ṣe ọmọlúwàbí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ní orí kìn-ín-ní ìwé náà, kí Tóbítì tó sọ ọ̀rọ̀ òkú rárá, ó ti sọ pé òun a máa fi oúnjẹ òun fún ẹni tí ebi ń pa, òun a sì máa fi aṣọ òun fún ẹni tí kò ní. Ó bójú tó alààyè ná, ó tó kan òkú. Àwa ni a gbé iṣẹ́ keje ṣáájú mẹ́fà tí ó kù.

Jákọ́bù Àpọ́sítélì ti rí irú wa rí. Ní orí kejì ìwé rẹ̀, ó fi onígbàgbọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí ó rí arákùnrin tí kò ní aṣọ, tí kò sì rí oúnjẹ òòjọ́ jẹ, tí ó wá fi ọ̀rọ̀ dídùn àti àdúrà ránṣẹ́ lé e lọ láìfún un ní ohunkóhun. Jákọ́bù béèrè pé èrè wo ni ó wà nínú irú èyí. Ó ní òkú ni ìgbàgbọ́ tí kò bá ní iṣẹ́ nínú. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ òkú tún dé! Òkú kan wà tí a kì í dá owó sin: òun náà ni ìgbàgbọ́ tí ó ti kú sínú onígbàgbọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Fadá, ṣé iṣẹ́ rere ni a ó fi ra ìjọba ọ̀run ni?" Rárá o. A kì í fi owó tàbí iṣẹ́ ra ohun tí Ọlọ́run fi ṣe ọ̀fẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn Kristẹni fún nǹkan bí 500 ọdún. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1999, ní ìlú Augsburg ní Jámánì, Ìjọ Kátólíìkì àti àwọn Ìjọ Lútérù jọ fọwọ́ sí ìwé kan tí ó fi hàn pé lórí kókó ọ̀rọ̀ yìí, ohùn wọn ti ṣọ̀kan: oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ni ó ń gbà wá, kì í ṣe ẹ̀tọ́ wa; Ẹ̀mí Mímọ́ tí a sì gbà ni ó ń tì wá sí iṣẹ́ rere. A kì í fi okùn so ọsàn mọ́ ẹ̀ka igi kí igi náà lè di igi ọsàn. Ṣùgbọ́n igi ọsàn tí ó dàgbà, tí ọdún ń gorí ọdún tí kò so, ó yẹ kí àgbẹ̀ bi í léèrè ohun tí ó ṣe é.

Ará Samáríà náà wà lójú àjò

Mo mọ àwáwí wa, nítorí pé èmi náà ti ṣe é rí. Àwa tí a wà lẹ́yìn odi a máa wí pé, "Àjò ni a wà. Àjò kì í sì í dùn kí onílé má relé." Ilé ni a ń kọ́ ilé sí. Ilé ni a ń fi owó ìkórè ránṣẹ́ sí. Bí a bá fẹ́ ṣe oore, a ó ní kí a dé ilé ná. Níhìn-ín, a kàn ń wá oúnjẹ òòjọ́ ni. Ọ̀rọ̀ àdúgbò kò kàn wá, àwọn onílùú ni ó ni ín.

Ẹ jẹ́ kí a tún ka ìtàn tí Olúwa sọ nínú Lúùkù, orí 10. Àwọn olè dá ọkùnrin kan lọ́nà Jẹ́ríkò, wọ́n lù ú, wọ́n fi í sílẹ̀ láàárín ikú àti ìyè. Àlùfáà kan rí i, ó kọjá. Ọmọ Léfì kan rí i, òun náà kọjá. Ẹni kẹta tí ó dé ni ará Samáríà. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ìwàásù lórí ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí a máa ń gbójú fò: ará Samáríà náà wà lójú àjò. Kì í ṣe ìlú rẹ̀ ni ó wà. Àwọn Júù kò fẹ́ràn àwọn ènìyàn rẹ̀, ẹ̀sìn wọn kò sì dọ́gba. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀tọ́ láti wí pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun, òun ni. Síbẹ̀ ó dúró. Ó sún mọ́ ọkùnrin náà, ó di ojú egbò rẹ̀, ó gbé e sórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀, ó sì gbé e dé ilé èrò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó san owó dínárì méjì fún onílé èrò. Ní ayé ìgbà náà, dínárì kan ni owó iṣẹ́ alágbàṣe fún ọjọ́ kan. Owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni ó fi sílẹ̀ nígbà náà, ó sì ṣèlérí pé bí òun bá ń padà bọ̀, òun yóò san èyí tí ó bá lé. Ẹ gbọ́ ìyẹn: ó ní òun yóò padà wá. Kò fún un lówó kí ó lè gbàgbé rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, n kò tí ì sọ ìtàn káfíńtà wa tán. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méje tí a kò fi lọ wò ó, ẹnìkan ń lọ. Obìnrin Hausa kan, Mùsùlùmí, tí ilé rẹ̀ fara kan ti káfíńtà náà, ni ó ń rán ọmọ rẹ̀ sí i pẹ̀lú kókó gbígbóná ní àràárọ̀. Òun náà ni ó rán ènìyàn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì láti wá sọ fún wa pé ó ti kú. Nígbà tí mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yà á lẹ́nu pé mo ń dúpẹ́. Ní ọjọ́ náà ni mo mọ ẹni tí èmi jẹ́ nínú ìtàn Lúùkù. Èmi ni àlùfáà tí ó kọjá lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìlú Párìsì

Kí a má baà rò pé ayé ìgbà Bíbélì nìkan ni èyí wà fún, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ẹnìkan tí òun náà wà lẹ́yìn odi. Orúkọ rẹ̀ ni Frédéric Ozanam. Ìlú Mílánì ni a ti bí i, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 1813, ṣùgbọ́n ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé ni ó ti dàgbà. Ní ọdún 1831, ó lọ sí Párìsì láti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ òfin. Ìlú ńlá náà kò bá a lára mu. Àárò ilé ń sọ ọ́. Ẹni tí ó gbà á sílé ni ọ̀mọ̀wé André-Marie Ampère, tí òun náà jẹ́ ọmọ Lyon. Ampère yìí ni a fi orúkọ rẹ̀ pe òṣùwọ̀n iná mànàmáná tí àwọn oníṣẹ́ iná wa ń pè ní "ámpù" títí di òní. Ẹ wò ó bí ará ilé ṣe ń gba ara wọn sílé lẹ́yìn odi! Bí ti wa náà ni.

Ṣùgbọ́n Ozanam kò fi ìfẹ́ náà mọ sí àárín àwọn ọmọ Lyon. Ní ọdún 1832, àrùn onígbáméjì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Párìsì, pàápàá ní àwọn àdúgbò àwọn tálákà. Ní àkókò náà, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ti ń jiyàn lórí ìtàn àti ẹ̀sìn. Ní ọjọ́ kan, àwọn tí kò gba ẹ̀sìn gbọ́ dìde, wọ́n gbà pé Ìjọ ti ṣe gudugudu méje láyé àtijọ́. Wọ́n wá béèrè pé kí ni ó ń ṣe fún àwọn tálákà nísinsìnyí, níbo sì ni iṣẹ́ tí ó fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ hàn wà. Ìbéèrè náà gún Ozanam lọ́kàn. Ó lè fi ẹnu fèsì, nítorí pé ọ̀jáfáfá ni nínú iyàn jíjà. Ṣùgbọ́n ó rí i pé ẹsẹ̀ ni yóò fi dáhùn.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 1833, ọjọ́ tí ó pé ọmọ 20 ọdún gan-an, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà àti àgbàlagbà kan tí ń jẹ́ Emmanuel Bailly pàdé láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọn kò mọ ibi tí àwọn tálákà ń gbé; nítorí náà wọ́n tọ Sístà Rosalie Rendu lọ, ẹni tí ó ti ń tọ́jú àwọn aláìní ní àdúgbò Mouffetard láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Sístà yìí fi ọ̀nà ilé wọn hàn wọ́n, ó fún wọn ní ìwé pélébé tí a fi ń gba búrẹ́dì, ó sì kọ́ wọn bí a ti í wọ ilé tálákà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Wọ́n fi ẹgbẹ́ náà sí abẹ́ ààbò Vincent de Paul Mímọ́, orúkọ yẹn ni ó sì ń jẹ́ títí di òní. Kí Ozanam tó kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1853, ní ọmọ 40 ọdún, ẹgbẹ́ náà ti tàn dé Ítálì, Ireland, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn páríṣì wa ní Nàìjíríà ni ó ní i. Póòpù Jòhánù Póòlù Kejì kéde Ozanam ní Alábùkún-fún ní Párìsì ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún 1997; ó sì kéde Sístà Rosalie náà ní ọdún 2003.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí oyè tí Ìjọ fún un dẹ́rù bà yín. Kì í ṣe àlùfáà, kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù. Ó gbéyàwó, ó bí ọmọbìnrin kan, ó sì ń kọ́ni ní yunifásítì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó yá yàrá gbé ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Kò dúró kí ó di olówó. Kò dúró kí ó padà sí Lyon.

Àwa gan-an ti jẹ nínú oore irú àwọn àjèjì bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1895, Fadá Jean-Marie Coquard, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Faransé, dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Òun ni Ilé Ìwòsàn Sacred Heart tí ó wà ní Lantoro títí di òní, ọ̀kan nínú àwọn tí ó pẹ́ jù lọ ní gbogbo Nàìjíríà. Iṣẹ́ ìwàásù ni a rán Fadá náà wá ṣe. Ṣùgbọ́n ó rí egbò àti ibà lára àwọn ènìyàn tí ó fẹ́ wàásù fún, ó sì mọ̀ pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ìrora náà kò sì yàtọ̀. Àwọn baba ńlá wa kì í ṣe ará ilé rẹ̀. Àjò ni òun náà wà. Gbèsè oore yìí wà lọ́rùn wa, a kò sì lè san án padà fún un. Ẹni tí a bá bá ní àdúgbò tí a wà ni a ó san án fún.

Kí a béèrè ohun tí ó fà á

Ẹni tí ó bá ń bẹ tálákà wò déédéé kò ní pẹ́ béèrè ìbéèrè mìíràn: kí ni ó sọ ẹni yìí di tálákà? Ozanam béèrè é. Nígbà tí ó ń kọ́ni ní òfin ìṣòwò ní Lyon ní nǹkan bí ọdún 1840, ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé owó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ tó òṣìṣẹ́ jẹun, kí ó tó o tọ́ ọmọ, kí ó sì tó o sinmi lọ́jọ́ ogbó. Ọdún 38 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 1891, Póòpù Léò Kẹtàlá kọ ìwé Rerum Novarum sí gbogbo Ìjọ nípa ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́, pé àdéhùn tí ebi fi ipá mú òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí kì í ṣe àdéhùn òdodo, àní bí ó tilẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ gbà á.

Ọ̀rọ̀ yìí sún mọ́ ilé wa ju bí a ti rò lọ. Ta ni ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wa lóru? Ta ni ó ń pọnmi, tí ó ń fọ aṣọ wa? Ta ni ó ń ti ọmọlanke ẹrù wa láti ọjà? Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ àwọn onílùú tí a wà láàárín wọn. Àwọn mìíràn jẹ́ ọmọdébìnrin tí a mú wá láti abúlé wa nílé, tí owó oṣù wọn ń lọ sọ́wọ́ ẹni tí ó mú wọn wá. Nígbà wo ni a san owó wọn kẹ́yìn? Òfin Mósè kò fẹ́ kí owó alágbàṣe sùn mọ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́ di òwúrọ̀. Jákọ́bù sì kìlọ̀ ní orí 5 pé owó tí a dá dúró ń ké, etí Ọlọ́run sì ń gbọ́ igbe rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ aṣọ́gbà rẹ̀ ní owó oṣù mẹ́ta, tí ó wá gbé àpò ìrẹsì kan wá sí ṣọ́ọ̀ṣì fún àwọn tálákà lọ́jọ́ Kérésì, gbèsè ni ó kọ́kọ́ jẹ kí ó san. Òdodo ni àkọ́bí. Àánú ni àbúrò rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n kò bá tí ì wọlé, kí àbúrò má ṣe jókòó sórí àga rẹ̀.

Ohun tí a lè bẹ̀rẹ̀

Lẹ́yìn ikú káfíńtà wa, ẹgbẹ́ wa jókòó. Àríyànjiyàn pọ̀. Àwọn kan ní bí a bá fọwọ́ kan owó ìsìnkú, ìtìjú ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Àgbà obìnrin kan ni ó parí ọ̀rọ̀ náà, tí ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, pósí tí ó gbówó lérí kò wo egbò sàn." A wá fẹnu kò sórí ohun mẹ́ta. Mo ń sọ wọ́n fún yín nítorí pé ìjọ kékeré pàápàá lè ṣe wọ́n.

Èkíní, a ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Bí a kò bá rí ẹnìkan ní ọjọ́ Àìkú méjì, a ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹ̀kẹta tó pé, ẹni méjì gbọ́dọ̀ ti dé ilé rẹ̀. Méjì ni, kì í ṣe ẹnìkan, bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Vincent de Paul Mímọ́ ti máa ń ṣe. Wọn kò ní kọ́kọ́ wàásù, wọn kò sì ní béèrè owó oṣù ẹgbẹ́. Wọn yóò jókòó, wọn yóò sì gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Èkejì, a pín àpò ẹgbẹ́ sí méjì: owó òkú àti owó alààyè. Iye tí ó bá wọ ọ̀kan ni yóò wọ èkejì. Nígbà tí a bá ti ná owó òkú tán, a kò gbọdọ̀ yá lára owó alààyè láti fi dá aṣọ tàbí láti fi gba olórin. Akápò a máa ka ìṣirò rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ka orúkọ àwọn tí a ràn lọ́wọ́. Olúwa kò fẹ́ kí a fun fèrè síwájú àánú wa, nítorí náà a kì í ya fọ́tò ẹni tí a fún ní oúnjẹ. Ìtìjú ni ó pa káfíńtà wa bí àtọ̀gbẹ ti pa á. A kò gbọdọ̀ fi ìtìjú kún ohun tí a bá fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹta ni ó fa awuyewuye jù: owó alààyè kì í ṣe ti ọmọ Yorùbá nìkan. Ẹni àkọ́kọ́ tí a ná an fún ni ọmọ obìnrin Hausa tí ó ń gbé kókó fún káfíńtà wa. Ibà líle dá a gúnlẹ̀, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín pé gbogbo ẹni tí a bẹ̀ wò ni ó ń yè. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìyá arúgbó kan nínú ìjọ wa kú lẹ́yìn oṣù márùn-ún tí a fi ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Owó wa kò tó àrùn rẹ̀. Ohun tí a lè wí ni pé kò kú ní òun nìkan, kò kú nínú ebi, ìsìnkú rẹ̀ kò sì ná wa ní owó púpọ̀, nítorí pé a kò ní ìtìjú kankan láti fi aṣọ tuntun bò mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ọdún méje kọ́ ni mo ní kí ẹ fi ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀sẹ̀ yìí ni. Kí ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀ tó dé, kí olúkúlùkù wa rántí ẹnìkan tí kò rí mọ́: ẹni tí ó máa ń jókòó nítòsí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tí ó ń ta nǹkan ní ìkóríta tí kò tà mọ́, aládùúgbò tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń pẹ́ ṣí. Kí a má ṣe sọ pé bóyá àwọn ènìyàn rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àwa gan-an ni ènìyàn tí ó ní.

Kí Ọlọ́run Baba, tí ó rán Ọmọ rẹ̀ sí àjò nítorí wa, là wá lójú láti rí arákùnrin wa nígbà tí ó ṣì lè dá wa lóhùn. Àmín. Ó tún di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Olúwa bá fẹ́.